Iná Àwọ̀ Ewé Lẹ́yìnkùlé Mọ́ṣúdù

Ẹni tó bá sọ pé òun mọ rédíò tún ṣe ju Mọ́ṣúdù lọ ní gbogbo Àjìdó, ẹ má dá onítọ̀hún lóhùn. Ọkùnrin náà kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí rédíò bá ti kú, tí olóhun ti sọ̀rètí nù, Mọ́ṣúdù á gbé e sétí, á mì í bí ẹni ń mi àgbọn, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Àṣìṣe rẹ̀ kò pọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn. Èyí tó ṣe nínú ilé ara rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ará Ìsẹ́yìn ni. Iṣẹ́ ọ̀nà ló gbé e dé etí ọ̀sà, nígbà tí wọ́n ń la títì ńlá tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Òun ló ń bá oníná wọn di wáyà mú. Nígbà tí títì parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n gba ilé lọ, òun ò lọ. Obìnrin Ègùn kan tó ń ta ẹja yíyan fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ló mú un dúró, Sẹ́nàmì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọlọ́kọ̀ ojú omi. Mọ́ṣúdù a máa sọ pé ẹja lòun lọ rà tóun fi rí ìyàwó. Sẹ́nàmì á rẹ́rìn-ín, á ní ẹja ọjọ́ náà ti bàjẹ́, ojú ló ti ọkùnrin yìí tí kò fi lè dá a padà, ló bá kúkú dúró.

Ilé tí wọ́n kọ́ ló kẹ́yìn létí omi, igbó ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìṣe àwọn ará ibẹ̀, ojú ilé kọjú sí ọ̀nà, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà lẹ́yìn, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sínú ọ̀sà. Ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún wọn, Gbémisọ́lá, wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin, ibẹ̀ ló ti ń kàwé. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí Mọ́ṣúdù ti wà ní Àjìdó, ṣùgbọ́n Ègùn tó gbọ́ kò ju èyí tí èèyàn fi ń ná ẹja lọ. Àwọn àna rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, òun á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò yé e. Àwọn àgbà ṣáà ti sọ ọ́ pé àlejò lójú, kò fi ríran.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, rédíò kún ìlú. Kò sí apẹja tí kò ní tirẹ̀, iṣẹ́ kì í sì í tán níwájú Mọ́ṣúdù. Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà tún gbàjọba. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ níṣẹ́, ọjà wọ́n, wọ́n sì ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa. Ìlú tó jẹ́ pé ọjà òdìkejì ló fi ń jẹun, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ré kọjá mọ́. Àwọn tó ń ra bátìrì tuntun lóṣooṣù wá ń sá àlòkù sórí páànù, bóyá oòrùn á jí i fún wọn. Ta ló ráyè tún rédíò ṣe? Ṣọ́ọ̀bù Mọ́ṣúdù kún fún rédíò tí olóhun wọn ò padà wá gbé, òun náà á sì jókòó sáàárín wọn bí ẹni ń ṣọ́ ibojì.

Inú àkókò yẹn gan-an ni ojú Sẹ́nàmì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nídìí ààrò ẹja ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀. Ó fẹ́ yí ẹja padà, ó ki ọwọ́ bọ iná. Ó ní èéfín ló bo òun lójú. Kò pẹ́ sí i, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sì tètè padà. Inú omi ni Mọ́ṣúdù ti bá a, omi ti mù ún dé ìbàdí, ó dúró jẹ́ẹ́ sójú kan, kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Obìnrin tí wọ́n bí sétí omi yẹn, tó mọ ọkọ̀ tù kí ó tó mọ abọ́ fọ̀. Ẹ̀rù ba Mọ́ṣúdù lọ́jọ́ náà ju bí ó ṣe ń bà á nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan wáyà tó ní iná lára.

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Èkó. Dókítà yẹ ojú náà wò títí, ó wá pe Mọ́ṣúdù sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá, èyí tó ti lọ nínú ojú yìí ò ní padà," ó ní. "Oògùn kan wà tí a máa ń kán sí i kí ìyókù lè dúró. Kò wọ ìlú mọ́ báyìí."

"Bí a ò bá wá rí oògùn yẹn ńkọ́?"

"Á máa lọ díẹ̀díẹ̀ ni."

Mọ́ṣúdù kò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé. Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn padà, Sẹ́nàmì bi í pé kí ni dókítà wí. Ó wo ìyàwó rẹ̀, tó kọjú sí fèrèsé bí ẹni ń wo igi tó ń sáré kọjá, irọ́ sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Wọ́n ní ojú ò gbọdọ̀ wà nínú òkùnkùn biribiri. Kí iná kékeré kan máa wà nítòsí rẹ láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀. Wọ́n ní ojú tó bá ń rí iná kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Sẹ́nàmì yí ojú kúrò ní fèrèsé. "Ẹ kú wàhálà mi, Bàbá Gbémi," ó sọ.

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Mọ́ṣúdù wá gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́. Kí ló tún kù tó lè gbà gbọ́? Oògùn ò sí, iná wà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iná kiri bí ẹni ń wá egbòogi.

Àtùpà onígò ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó tàn dáadáa, ṣùgbọ́n epo òyìnbó ti di ohun tí èèyàn ń tò fún láti ìdájí, tí á sì gbé ìdajì ìgò wálé lọ́sàn-án. Fìtílà alágolo kò mu epo tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ èéfín rẹ̀ dúdú, ó ń mú kí omi máa dà lójú Sẹ́nàmì, ojú tí à ń tọ́jú sì ni. Àbẹ́là wá ńkọ́? Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tan àbẹ́là, Sẹ́nàmì ju etí aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbá a ṣubú, etí ẹní jó kí Mọ́ṣúdù tó da omi sí i. Ní ti iná ìjọba, wọ́n ti ri òpó sí àdúgbò náà láti ọdún kẹta, òpó wà lórí ìdúró, kò sí wáyà lórí rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ló kù, tọ́ọ̀ṣì sì ń pa bátìrì ní òru méjì. Ilé tó ń jẹ gàárì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kò lè máa bọ́ tọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìdáhùn dé. Ó ń tú ikùn rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá kan, èyí tí olóhun rẹ̀ ti sá kúrò ní ìlú. Ní ojú irú rédíò bẹ́ẹ̀, iná kékeré kan máa ń wà tó ń fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. LED ni àwọn tó mọ̀wé nínú iṣẹ́ náà ń pè é, ẹyinjú rédíò ni Mọ́ṣúdù ń pè é ní tirẹ̀. Ó ti yọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ dànù rí, kò kà á sí. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn fi wáyà ẹyinjú náà kan òkú bátìrì mẹ́ta tó wà nílẹ̀, èyí tí kò lè mú rédíò sọ gbólóhùn kan mọ́. Ẹyinjú náà là. Ó fi í sílẹ̀ lọ kírun, ó dé, ó ṣì ń tàn. Ó di ọjọ́ kejì, ó ń tàn. Kò gbóná, kò rùn, kò mu epo, bí aṣọ bá sì gbá a, ọ̀rọ̀ tán.

Láti ọjọ́ náà ni Mọ́ṣúdù ti ń tú àwọn òkú rédíò inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń yọ wọ́n lẹ́yinjú. Pupa ló pọ̀ jù. Ti àwọ̀ ìyeyè kò tó nǹkan. Ti àwọ̀ ewé, mẹ́rin péré ló rí nínú gbogbo rédíò ibẹ̀. Ó fi yanrìn nu ìdí agolo mílíìkì mẹ́ta títí wọ́n fi dán bíi dígí, kí wọ́n lè ti iná síwájú. Ó to àwọn ẹyinjú náà sínú wọn, pupa lọ́tọ̀, ìyeyè lọ́tọ̀, ewé lọ́tọ̀. Ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ so òkú bátìrì mọ́ wọn nídìí. Kò tíì fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ fún oníbàárà kankan rí.

Ọ̀rọ̀ kù sí èwo ni kí wọ́n yàn. Mọ́ṣúdù kò fẹ́ dá a yàn, ojú ẹni tó máa lò ó ló gbọ́dọ̀ yàn án. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó ní kí Sẹ́nàmì jókòó sórí ẹní. Ó to àwọn iná náà sórí àga gbọọrọ kan lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, pupa lápá òsì, ewé láàárín, ìyeyè lápá ọ̀tún. Òun fúnra rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ sẹ́yìn àga náà.

"Mẹ́ta ni wọ́n," ó ní. "Wò wọ́n dáadáa. Èwo lo rí jù?"

Sẹ́nàmì gbé ojú sókè.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, kí lẹ fi ṣe wọ́n?" ó bi í.

Ìbéèrè tí ọkùnrin náà ń fẹ́ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó sọ ti òkú bátìrì, ó sọ ti agolo mílíìkì, ó sọ bí òun ṣe fẹ́ rẹ́ ọmọ ìka ara òun dànù nídìí ọ̀kan. Sẹ́nàmì dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́. Nígbà tí àlàyé pọ̀ tó, ó na ọwọ́ tààrà.

"Ti àárín yẹn," ó sọ.

"Ti àárín? Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ti àárín ni. Ó tù mí lójú."

Mọ́ṣúdù fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ti àárín ló ṣe bàìbàì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú tirẹ̀ tó dá ṣáká pàápàá ń wá a kí ó tó rí i. Bí Sẹ́nàmì bá lè rí ìyẹn láàárín pupa àti ìyeyè, a jẹ́ pé ojú náà ń bọ̀ wá sílé nìyẹn. A jẹ́ pé dókítà ò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá bi obìnrin náà léèrè àwọ̀ iná tó yàn ni, ọ̀rọ̀ ìbá má dé ibi tó dé. Kò bi í. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ń dùn kì í wádìí.

Ó gbé iná àwọ̀ ewé náà kọ́ sókè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ó kọjú sí ọ̀nà ṣáláńgá, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣìnà wọ omi. Nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, á so wáyà mọ́ bátìrì, á sì dúró máa wò. Sẹ́nàmì á jáde, á rìn jẹ́jẹ́, á lọ, á bọ̀, kò ṣìnà mọ́. Mọ́ṣúdù á ní, "Ṣé o rí i?" Sẹ́nàmì á ní, "Mo rí i." Ó pẹ́ tí ọkùnrin náà ti sun oorun bí irú èyí tó sùn ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí Mọ́ṣúdù kò mọ̀. Ní etí ọ̀sà yẹn, iná kì í ṣe iná lásán. Ṣáájú kí òyìnbó tó lọ ni àwọn baba wọn ti ń fi ọkọ̀ kó ẹrù gba orí omi láti Àjàṣẹ́ lódìkejì bodè wá, láìsan owó bodè fún ẹnikẹ́ni. Fàyàwọ́ ni ìjọba ń pè é, òwò ni àwọn ń pè é. Ẹni tó wà létí omi á fi dígí tàbí ike aláwọ̀ bo fìtílà, á gbé e sẹ́yìn ilé. Bí ó bá jẹ́ pupa, kí ọlọ́kọ̀ yí padà, àwọn aṣọ́bodè wà nítòsí. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ilẹ̀ dára, kó máa bọ̀. Nígbà tí wọ́n ti Sẹ̀mẹ̀ pa, òwò náà le sí i, ìyẹn ló sì ń bọ́ ìdajì ìlú. Kò sí ẹni tó sọ fún Mọ́ṣúdù. Àlejò ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dúró. Sẹ́nàmì mọ̀ ọ́n láti kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí obìnrin mọ̀ nípa ilé baba rẹ̀ ló ń kó wá sílé ọkọ.

Òṣùpá ló kọ́kọ́ gba Mọ́ṣúdù là, nítorí ọkọ̀ kì í rìn nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, òṣùpá ò sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn sójà wọ Àjìdó, wọ́n sì lọ ba sínú igbó tó wà létí omi. Ọ̀rọ̀ náà tàn láti ilé dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹni tó bá ní fìtílà lẹ́yìn ilé ló yọ ọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dé ilé Mọ́ṣúdù, ẹ̀gbẹ́ igbó yẹn gan-an ló wà. Iná kan ṣoṣo ló kù tó kọjú sí omi ní gbogbo etí ọ̀sà, àwọ̀ ewé sì ni.

Ọkọ̀ kan ń bọ̀ pẹ̀lú ìrẹsì àti ọṣẹ. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń tù ú sì ni Sẹ̀wànù, àbúrò Sẹ́nàmì, àbígbẹ̀yìn ìyá wọn, èyí tí Sẹ́nàmì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n dàgbà. Sẹ̀wànù wo ìlú láti orí omi, ó rí i pé iná àwọ̀ ewé wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n òun. Ta ló máa ṣiyèméjì sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ó yí imú ọkọ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kò tíì kan ilẹ̀ tí àwọn sójà fi bò wọ́n. Wọ́n já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n mú Mọ́ṣúdù pẹ̀lú, wọ́n sì fa iná náà já lókè.

Ní ibi tí wọ́n tì wọ́n mọ́ ni Mọ́ṣúdù ti gbọ́ ohun tí gbogbo Àjìdó mọ̀. Wọ́n bi í pé ta ló ń fi iná àwọ̀ ewé pè. Ó ní ìyàwó òun ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì nà án. Wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ọgbà ká, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn tí wọ́n nà án tán, ìbéèrè kan wá jókòó sí i láyà, kò sì dìde mọ́: ìyàwó òun mọ ohun tí àwọ̀ ewé túmọ̀ sí, kí ló dé tí kò sọ fún òun?

Ní ọjọ́ kẹfà, ó gbọ́ rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ọ̀gá wọn níta, ohùn olórin inú rẹ̀ ń fà bí ohùn ẹni tó ń tòògbé. "Rọ́bà inú rẹ̀ ló ti rọ̀, sà," ó sọ láìrò ó. Wọ́n mú un jáde, ó tún un ṣe. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó méjì mìíràn wá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀gá náà ní òun ò rí ojú fàyàwọ́ lára ọkùnrin yìí, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n kó Sẹ̀wànù àti àwọn yòókù lọ sí Èkó.

Ẹ wo irú àyè tí ìyẹn fi í sí. Mẹ́rin ni wọ́n mú, ẹnì kan padà, àlejò sì ni. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ní oríta, Ìbídùn tó ń ta gàárì níbẹ̀, tó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójoojúmọ́, yí igbá rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó kí àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe, wọn ò dáhùn. Ó dé ilé, Sẹ́nàmì dì mọ́ ọn, ó ń fi ọwọ́ wá ojú àpá ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo. Ọjọ́ méjì ni wọ́n jọ wà, wọn ò dárúkọ iná. Mọ́ṣúdù ń bẹ̀rù ìdáhùn tí ìbéèrè rẹ̀ lè mú wá. Àbí obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ fi òun ṣe fìtílà fún àwọn ará ilé rẹ̀ ni? Ó tijú pé òun lè ro irú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni Máutín wá, ẹ̀gbọ́n Sẹ́nàmì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò bọ́ fìlà. Mọ́ṣúdù dọ̀bálẹ̀ kí i bí ó ṣe yẹ kí èèyàn kí àna. Máutín kò ní kó dìde, Mọ́ṣúdù ló dá ara rẹ̀ dìde. Sẹ́nàmì wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka tú àwọ̀n tó lọ́ pọ̀.

"Fofó, ẹ jókòó," ó sọ. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílé wọn nìyẹn, Dàdá ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin.

"Mi ò wá jókòó. Ìwọ ni mo wá bá sọ̀rọ̀, Sẹ́nàmì. Yorùbá ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, kí ọkọ rẹ lè gbọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ìlú ń sọ pé ọkọ rẹ bá sójà mọ̀ ọ́n, pé òun ló fi iná pe Sẹ̀wànù wọlé. Mo ní rárá, àlejò ni, kò mọ̀. Wọ́n ní kò burú, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé Sẹ́nàmì náà, àlejò ni?"

Sẹ́nàmì tún fa okùn àwọ̀n kan yọ.

"Nígbà tí a wà ní kékeré, ìwọ ni Bàbá máa ń gbé ìgò aláwọ̀ ewé yẹn fún. Ìwọ lo máa ń dì í mú létí omi títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni iná yẹn fi wà lókè ilẹ̀kùn rẹ, o ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́, o ò yọ ọ́. Sẹ̀wànù wà níbi tí a ò mọ̀ báyìí. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ́nu rẹ: kí ló dé tí o fi í síbẹ̀?"

Ìka Sẹ́nàmì dúró lára àwọ̀n. Mọ́ṣúdù náà ń wò ó, nítorí ìbéèrè tirẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹlòmíràn ló bá a bi í. Ó rí i pé ìyàwó òun ń wá ọ̀nà mìíràn tó lè gbà, kò sì rí.

"Mi ò mọ̀ pé àwọ̀ ewé ni," ó sọ.

"Báwo lo ò ṣe ní mọ̀?" Ohùn Máutín le. "Ṣé o fọ́jú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Máutín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kọjá lójú rẹ̀, ó tún gbé e kọjá. Ìpéǹpéjú obìnrin náà kò mì. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun tó ní òun ò wá jókòó.

"Láti ìgbà wo?" Mọ́ṣúdù ló bi í. Kò mọ̀ pé ohùn òun lè kéré tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣáájú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán, mo ṣì ń rí òjìji díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, mi ò rí nǹkan kan."

"Tí o bá ń lọ sẹ́yìn ńkọ́?"

"Mo ka ẹsẹ̀ mi. Mẹ́tàdínlógún ni dé ṣáláńgá."

"Ọjọ́ tí mo to iná mẹ́ta kalẹ̀ ńkọ́? O na ọwọ́ sí ti àárín. Mo rí ọ."

"Ẹ̀yin ni mo na ọwọ́ sí, Bàbá Gbémi. Mo ní kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀, àárín ni ohùn yín ti ń wá."

Mọ́ṣúdù fi ọwọ́ gbá ògiri mú. "O lè sọ fún mi," ó ní.

"Mo mọ̀ pé dókítà ò sọ ohun tẹ́ ẹ ní ó sọ. Ẹ ò mọ irọ́ pa. Ṣùgbọ́n ẹ wá iná náà títí, ẹ ò sùn, ẹ ò sinmi. Tí mo bá sọ pé mi ò rí i, kí lẹ máa wá ṣe? Mo ní kó kúkú jọ pé ó ṣiṣẹ́."

Ibẹ̀ ni ẹkún já a gbà. Ó kọjú sí ibi tó rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. "Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, Fofó. Ó ń pè mí, ó ń ké Dàdá, Dàdá, bó ṣe máa ń pè mí nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́n. Mo sáré jáde. Mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí."

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọn kò rí ti Sẹ́nàmì kí wọ́n tó sọ ọ́.

Máutín lọ sọ fún ìlú. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ní ó ń gbèjà ọmọ ìyá rẹ̀. Ìbídùn tún ń kí Mọ́ṣúdù, kò bá a ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Òjò ọdún náà tán, ọyẹ́ dé, kò sí ìròyìn Sẹ̀wànù láti Èkó. Ìyàwó Sẹ̀wànù bí ọmọkùnrin kan nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Sẹ́nàmì kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ náà, ó ní ojú ń ti òun.

Mọ́ṣúdù kó pupa àti ìyeyè tó kù sínú páálí, ó gbé e jù sábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí iná kankan lẹ́yìn ilé wọn láti ìgbà náà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gbé àpótí lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á jókòó sínú òkùnkùn, á kọjú sí ọ̀sà. Sẹ́nàmì á jáde lọ, á máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, Mọ́ṣúdù á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dúró díẹ̀, á tún wúkọ́. Ìyàwó rẹ̀ á sì bá ohùn náà wọlé.